Jímọ̀ Kan Lọ́rùn Ìyá Mi

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ìyá mi pa nítorí pé ó ń fi ọrùn ara rẹ̀ dán ìlẹ̀kẹ̀ wò kí ó tó tà á.

Mo ka gbólóhùn yẹn sí ìyá mi létí. Ó ní ó dára, àmọ́ kí n fi kún un pé ọrùn òun mọ́. Ọrùn rẹ̀ mọ́. Mo ti fi kún un. Mo sì tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ pé nínú ìwé yìí n óò máa pè é ní "ó", bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wá, nítorí pé àwọn tí mo ń bínú sí ni mo fẹ́ fi "wọ́n" sílẹ̀ fún, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìyá mi mọ́ wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, kọ ọ́ bó o ṣe fẹ́. Ṣáà ti rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ yẹn dé ọwọ́ ẹ̀."

Ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan ní Kánádà ló ni ín. A kò rí i rí, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó ti ka Kùránì parí, pé wọ́n fẹ́ ṣe wòlímá fún un, pé ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá mi sín ló fẹ́ fi sọ́rùn lọ́jọ́ náà, àti pé wọ́n ti dí gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà fi ránṣẹ́ sí i. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tó bá ń kà á, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

Kí ìyá mi tó bí mi ló ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Àtẹ rẹ̀ wà ní Òkè-Ajé, níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde: iyùn lápá kan, sẹ̀gi lápá kan, àwọn wẹ́wẹ́ aláràbarà nínú agolo mílíìkì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó sín ìlẹ̀kẹ̀ fún ìyàwó kan tí wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ ní Odògbólú. Bí ìyàwó ṣe tẹrí ba kí ààfáà lè ṣàdúrà fún un, okùn já. Ìlẹ̀kẹ̀ dà sórí ẹní, ó ń yí gbirigbiri lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn àgbààgbà. Àwọn ọmọdé ń ṣa á, àdúrà dúró, ìyàwó bú sẹ́kún. Ìyá mi jókòó síbẹ̀, àwọn èèyàn sì mọ̀ pé òun ló sín in. Ó sọ fún mi pé bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, òun ì bá fi ẹsẹ̀ ara òun wọlẹ̀.

Àwọn àgbà a máa wí pé ìlẹ̀kẹ̀ má jàá sílé, má jàá síta, ibì kan ni yóò já sí. Ẹlòmíràn á gbọ́ òwe yẹn, á mi orí, á bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ àṣẹ. Ó ní bó bá jẹ́ pé ibì kan ló máa já sí dandan, kó já sí òun lọ́rùn kó tó já sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ kan tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò kọ́kọ́ lo Jímọ̀ kan lọ́rùn rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí, mo sì fẹ́ kí àwọn tó dá a lẹ́bi kà á dáadáa. Yóò wẹ̀ láàárọ̀ Jímọ̀, yóò fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Yóò fi gbálẹ̀, yóò fi dáná, yóò fi bọ aṣọ sọ́rùn kí ó lè rí i bóyá aṣọ ń há mọ́ ìkọ́ rẹ̀. Yóò fi lọ sí mọ́sálásí. Níbẹ̀ ni ìdánwò gidi wà, nítorí pé ẹni tó ń kírun yóò bẹ̀rẹ̀, yóò forí kanlẹ̀, yóò dìde, yóò tún forí kanlẹ̀. "Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá bá mi kírun tí kò já," ni ó máa ń wí, "ijó kan ò lè já a." Tó bá délé, yóò bọ́ ọ, yóò fi èékánná yẹ gbogbo kókó tó ta wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fi aṣọ tó rọ̀ nù ún, yóò wé e. Ìgbà yẹn ló tó di ọjà.

Nígbà mìíràn, mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń dán wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tó ń ta lọ́fínńdà lẹ́nu géètì mọ́sálásí. Ìyá Onílọ́fínńdà ni mo ń pè é láti kékeré. Wọ́n jọ ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bí ọmọ ilé ìwé.

"Àlàájà, mélòó lẹ gbé kọ́rùn lónìí? Ṣé wọ́n fẹ́ fi yín joyè ni?"

"Márùn-ún ni. Ọjà ni, kì í ṣe fáàrí."

"Gbogbo ẹni tó ń ṣe fáàrí ló ń pè é lọ́jà. Ẹ sún mọ́bí jàre."

Ìyá Onílọ́fínńdà yóò wá kán lọ́fínńdà díẹ̀ sí ìka, yóò fi ra ìyá mi lẹ́yìn etí, bó ti ń ṣe ní gbogbo Jímọ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún. Ìlẹ̀kẹ̀ yóò gbà nínú òórùn yẹn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ lọ́fínńdà yìí sọ́kàn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ìyá mi ló ni gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tí mo ń rí lọ́rùn rẹ̀, àwọn obìnrin kan sì ń wá gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí obìnrin kan gbé aláwọ̀ ewé kan lọ, tí mo fẹ́ràn gan-an, mo tẹ̀ lé e títí dé ìkóríta, mo ń sunkún pé kó dá ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi padà. Ìyá mi kò nà mí. Ó gbé mi pọ̀n, ó ní, "Mo kàn bá a mú un gbóná ni." Bí ẹní ń mú oúnjẹ gbóná. Títí di òní, bí mo ṣe ń rí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ó ń bá àwọn èèyàn mú ohun tó jẹ́ tiwọn gbóná.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ kọ Òkè-Ajé. Ọwọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, ojú ṣì ń ríran dé ojú abẹ́rẹ́, orúnkún nìkan ló yan odì. Ó jókòó sílé, kò sì pẹ́ tó fi ń sùn lọ́sàn-án, ìyá tí n kò rí kó sùn lọ́sàn-án rí. Èmi tí mo kàwé ní yunifásítì tó wà ní Ìjàgun, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Odògbólú, èmi ni mo dá ọgbọ́n náà. Mo ní n óò gbé àtẹ rẹ̀ lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjà kan wà níbẹ̀ tó ń pariwo pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan lòun fẹ́, pé òun kórìíra ohun tí ẹ̀rọ bá ṣe. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n mọ ara wọn.

Ọjọ́ kìíní gan-an ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n béèrè nọ́ńbà ilé. Ilé wa kò ní nọ́ńbà. Ilé tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí, tó ní géètì aláwọ̀ ewé, ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, kò sì sí lẹ́tà tó ṣìnà rí. Wọ́n kọ̀ ọ́. Mo ní kí ìyá mi bá mi mú nọ́ńbà kan, ó mú mọ́kànlá, nítorí pé ọmọ mọ́kànlá ni ìyá tirẹ̀ bí. Wọ́n béèrè ohun tí a fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Nínú gbogbo orúkọ òkúta ayé tí wọ́n tò sílẹ̀, kò sí sẹ̀gi. Sẹ̀gi tí àwọn ọba ń so mọ́ adé, inú "àwọn nǹkan mìíràn" ni wọ́n ní kí n fi í sí. Mo fi í síbẹ̀. Wọ́n ní fọ́tò gbọ́dọ̀ wà lórí nǹkan funfun, kí ohunkóhun mìíràn má sì hàn nínú rẹ̀.

Ìyá mi béèrè pé, "Ta ló ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ takàdá lọ́rùn?"

Mo ya fọ́tò ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin wọ́n gbà á, wọn kò sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kò sì sọ ìdí tí wọ́n fi gbà.

N kò ní purọ́ mọ́ wọn o: a gbádùn. Nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ra nǹkan, fóònù yóò dún bí agogo kékeré. Ìyá mi yóò gbọ́ ọ láti bàlùwẹ̀. "Tíṣà, oníbàárà ń kan ilẹ̀kùn!" Yóò béèrè ìlú tó ti wá, yóò sì ṣàdúrà fún ìlú náà. Ó ti ṣàdúrà fún àwọn ìlú tí n kò lè pe orúkọ wọn. Oorun ọ̀sán kásẹ̀ nílẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà lórí iná mànàmáná bí ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ibi tí èmi fúnra mi ti ṣẹ̀ ló kàn. Bí mo bá fẹ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí n ka tèmi.

Lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, àyè wà láti ṣàlàyé ọjà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán pé kí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde, yóò lo Jímọ̀ kan lọ́rùn ìyá mi kí ó lè dá a lójú pé okùn rẹ̀ kò ní já. Ìyá Onílọ́fínńdà wà nílé wa lọ́jọ́ tí mo kà á fún ìyá mi.

Ó ní, "Má sọ ìyẹn fún wọn."

"Kí ló dé, Màmá? Òótọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo ní má sọ ọ́. Oníṣòwò kì í purọ́, kì í sì í tú gbogbo àpò ẹ̀ sílẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìyìn ni mo kọ yẹn. Fún oṣù mẹ́jọ, àwọn tó rà á gbà á bí ìyìn. Obìnrin kan kọ̀wé pé nígbà tí òun ṣí páálí, òórùn ìyá òun àgbà ló bọ́ sí òun nímú, òun sì jókòó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí òun tó fi í sọ́rùn. Ìyá mi ní kí n ka ìyẹn fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Onílọ́fínńdà ní kí wọ́n fi owó lọ́fínńdà òun ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìyá ọmọ yẹn kàn sí wa. Ó ní Kánádà lòun ń gbé, àmọ́ ọmọ Ìbẹ̀fún nílẹ̀ Ìjẹ̀bú lòun, kò sì sí ohun tó wu òun ju kí ọmọ òun fi iyùn àti sẹ̀gi láti ilé ṣe wòlímá lọ. Ìyá mi jókòó tì mí, ó ń béèrè, mo ń tẹ̀ ẹ́.

"Bi í léèrè bí ọrùn ọmọ náà ṣe rí."

Obìnrin náà dáhùn pé ó gùn, bíi ti ìyá òun àgbà ní Ìbẹ̀fún.

"Ó ti parí," ni ìyá mi wí. "Mo mọ ọrùn ará Ìbẹ̀fún."

Obìnrin náà fẹ́ fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ kí ó lè bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Àmì ìràwọ̀ ni ẹ̀rọ wọn fi bo nọ́ńbà náà mọ́lẹ̀. Mo fi tèmi ránṣẹ́, ìràwọ̀. Mo kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ dípò nọ́ńbà, òdo, mẹ́jọ, òdo, wọ́n sì fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé àwọn oníbàárà kò gbọ́dọ̀ bá wa sọ̀rọ̀ níta ọjà. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, lẹ́tà méjì péré ni wọ́n jẹ́ kí a rí. Nígbà náà mo rò pé ọ̀rọ̀ ààbò ni.

Ìyá mi fi ọjọ́ mẹ́sàn-án sín ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ó tú u lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé sẹ̀gi kan kò bá àwọn yòókù mu. Ó parí rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ní Jímọ̀, ó fi í sọ́rùn. Ohun tó yẹ kó mọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀fun ọmọ náà, àyà ló gùn dé lára ìyá mi, nítorí pé ìyá mi kì í ṣe ará Ìbẹ̀fún. Ó gbálẹ̀, ó dáná, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú lọ sí mọ́sálásí.

Kó tó padà dé, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù náà pa.

Oníbàárà kan tó yàtọ̀ pátápátá, tó ra ẹ̀gbà ọwọ́ kan, ló fẹjọ́ sùn. Ó ní ó ń rùn bí ara ènìyàn. Ó ní òun padà lọ ka àlàyé wa, òun sì rí i pé a fi ẹnu ara wa sọ pé ẹnìkan ti lò ó. N kò bínú sí obìnrin náà. Ó lè jẹ́ pé lọ́fínńdà a máa dà á láàmú nímú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́. Àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ni mo ń bá wí. Wọn kò bi wá ní ìbéèrè kankan. Wọn kò fún wa ní wákàtí kan. Agbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Wọ́n kọ̀wé pé àlòkù là ń tà, pé a tan àwọn oníbàárà jẹ, wọ́n sì fi àgádágodo sí gbogbo rẹ̀: fọ́tò, ìyìn tí àwọn èèyàn kọ, àti ọ̀rọ̀ tí a bá ìyá ọmọ náà sọ. Àdírẹ́sì tí a ó fi ìlẹ̀kẹ̀ ránṣẹ́ sí wà nínú rẹ̀. N kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi tí mo ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀.

Ìyá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, mo sì sọ ọ́ fún wọn.

"Kí ni wọ́n ní mo ṣe?"

"Wọ́n ní àlòkù lẹ̀ ń tà, Màmá."

Ìyá Onílọ́fínńdà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àlòkù kẹ̀? Àwa méjèèjì la jẹ́ àlòkù. Ìlẹ̀kẹ̀ kọ́."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín débi pé ó di orúnkún rẹ̀ mú. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ tán, ó bi mí léèrè pẹ̀lẹ́ pé, "Kí ni wọ́n á sọ fún ìyá ọmọ yẹn?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Wọ́n á sọ fún un pé olè ni mí." Kò ṣí àwọn agolo ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kò ṣí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ajé tí mo ti ibi iṣẹ́ dé ní agogo mẹ́ta, ó ń sùn.

Mo kọ lẹ́tà márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n ka èsì wọn. Èsì kìíní ní àwọn mọ bó ṣe rí lára mi. Èsì kejì, tí ẹlòmíràn fọwọ́ sí, ní àwọn mọ bó ṣe rí lára mi. Ẹ̀kẹta bá mi kẹ́dùn lórí àwọn ife amọ̀ mi tó fọ́ lójú ọ̀nà. N kò ta ife amọ̀ rí láyé mi. Ẹ̀kẹrin ní ọ̀rọ̀ náà ti parí. Mo bẹ̀ wọ́n nínú gbogbo lẹ́tà náà pé bí wọn kò bá ní ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n ṣáà bá wa sọ fún obìnrin Kánádà pé a ń wá a. Kò sí èyí tó dáhùn ìyẹn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lákòókò kan náà, ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ń ta ike tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà bí eyín àtọwọ́dá, "ọwọ́ la fi ṣe é" sì wà níwájú rẹ̀ gàdàgbà. Ó ṣì ń tajà.

Èsì karùn-ún mú fọ́ọ̀mù wá. Wọ́n ní bí a bá fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni kò ní fi ọjà wa sára mọ́ kí a tó tà á, àwọn lè tún ọ̀rọ̀ wa yẹ̀ wò. Mo gbé e lọ bá ìyá mi.

"Tí n kò bá fi í sọ́rùn mọ́, ta ló máa wá fi í sọ́rùn?"

"Kò sẹ́ni tó máa fi í sọ́rùn. Bí ẹ bá ti sín in tán, inú páálí ló ń lọ."

"Tó bá wá já sí ọmọ yẹn lọ́rùn níwájú ààfáà ńkọ́?"

Mo wá sọ ohun tí ojú ń tì mí láti kọ síbí. Mo ní a lè fọwọ́ sí i, kí ó sì máa bá ìdánwò rẹ̀ lọ, ṣebí wọn kò sí ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo kókó tí kò dì dáadáa.

"O sọ òótọ́, o kó sí wàhálà. O wá fẹ́ fi irọ́ jáde? Fọwọ́ sí i tó o bá fẹ́. Àmọ́ ìwọ lo máa máa sín in o."

A kò fọwọ́ sí i.

Ọgbọ́n tó tẹ̀ lé e, ìyá mi ló dá a, ará Ìjẹ̀bú nìkan ló sì lè dá irú rẹ̀. Ó ní bí ọ̀nà Kánádà bá dí, ọ̀nà Ìbẹ̀fún kò dí. Ní Sátidé kan, èmi, òun àti Ìyá Onílọ́fínńdà wọ ọkọ̀ lọ wá ìyá àgbà kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, tí a kò mọ ilé rẹ̀. Mọ́sálásí ni a kọ́kọ́ yà sí. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó síwájú rẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà.

Ìyá mi kí i, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, à ń wá ìyá kan tó ní ọmọ ọmọ ní Kánádà."

"Àlàájà, ilé wo ni kò lọ́mọ ní Kánádà ní Ìbẹ̀fún yìí?"

"Wọ́n fẹ́ ṣe wòlímá fún ọmọ náà. Ọrùn rẹ̀ gùn."

Bàbá náà na ọrùn tirẹ̀ sókè bí àkùkọ. "Ọrùn ta ni kò gùn níbí?"

Síbẹ̀ ó dìde, ó mú wa lọ sí ilé mẹ́ta. Ilé kìíní fún wa lómi, wọ́n ní ti àwọn, Lọ́ńdọ̀nù ni. Ìyá tó wà ní ilé kejì ní ọrùn tí mo rò pé òun gan-an ni. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ọmọ náà sì wà ní Kánádà lóòótọ́, inú ìyá mi ti ń dùn, kí ọmọ náà tó sọ pé ọkùnrin ni gbogbo ọmọ òun. Ilé kẹta kò jẹ́ ká lọ láìjẹ ìkọ́kọrẹ́. Ìyá mi fi ìlẹ̀kẹ̀ náà hàn wọ́n, wọ́n ń gbé e lọ́wọ́ sọ́wọ́, wọ́n ń ṣàdúrà fún ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìyá kan bẹ̀ ẹ́ pé kó tà á fún òun. Ìyá mi kọ̀. Ó ní ó ti lólówó.

Bí a ṣe ń bọ̀, Ìyá Onílọ́fínńdà ní, "Ó kéré tán, a jẹun."

Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹun. Èmi ń wo ọrùn èèyàn."

Ó ti tó Jímọ̀ mẹ́rin báyìí. Iyùn kì í fẹ́ dá gbé, ni ìyá mi wí. Bí kò bá rí ara ènìyàn, yóò gbẹ, dídán rẹ̀ yóò lọ. Nítorí náà ní gbogbo Jímọ̀, ó ń yọ ọ́ nínú aṣọ tó fi wé e, ó ń fi í sọ́rùn, ó ń lọ sí mọ́sálásí. Ó ń bá ọmọ náà mú un gbóná. Ó ń ṣàdúrà fún un níbẹ̀ pẹ̀lú, láìmọ orúkọ, ó ń pè é ní "ọlọ́rùn gígùn". Kò tíì sín nǹkan mìíràn. Ó ní òun kò lè bẹ̀rẹ̀ ti ẹlòmíràn nígbà tí ti ọmọ yìí wà nílẹ̀. Èmi sì ń jókòó níwájú rẹ̀, mo ń kà: Jímọ̀ kìíní, ìdánwò ni. Ìkejì, sùúrù. Ìkẹta, ìfẹ́. Ní Jímọ̀ kẹrin, èyí tó kọjá, mo rí i tó fi èékánná yẹ àwọn kókó náà wò, ó sì pẹ́ lórí ọ̀kan ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni tí okùn ibẹ̀ ti ń kọ lóminú.

Obìnrin náà ti sọ fún wa ọjọ́ tí wòlímá yóò jẹ́. Ó ku Jímọ̀ mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ọjà náà, ẹ̀yin ni mo ń bi léèrè, n kò bi ẹ̀rọ yín. Ta ni ẹni tó ka ọ̀rọ̀ mi nípa ọrùn ìyá mi, tó sì rí àlòkù nínú rẹ̀? Ṣé ènìyàn ni? Ṣé ó níyàá? Kí ni ẹ sọ fún obìnrin Kánádà nípa wa, ṣé ẹ pè wá ní olè lójú rẹ̀? Èwo nínú òfin yín ló ní kí ẹ di ọmọ kan mọ́ ìdí àgádágodo nítorí ẹ̀gbà ọwọ́ ẹlòmíràn? Ẹ má ṣí ṣọ́ọ̀bù wa bí kò bá wù yín. Lẹ́tà méjì péré nínú orúkọ rẹ̀ la mọ̀; ẹ̀yin mọ gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ ìlà kan sí i, pé ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ rẹ̀ ti parí, pé kò já, pé ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ń wá a. Ẹ dá mi lóhùn, kí ẹ sì fi orúkọ ẹni tó dáhùn sí i, kí ẹ̀yin fúnra yín tó sọ ìlẹ̀kẹ̀ náà di àlòkù lọ́rùn ìyá mi.